Ta Ni Obìnrin Lórí Pápá? Ìtàn Àyẹ̀wò Àwọn Obìnrin Nínú Eré Sísá Àgbáyé

Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ó máa ń jáde lẹ́nu Yorùbá nígbà tí a bá gbọ́ pé aláboyún ti sọ̀ kalẹ̀ ni pé, "Akọ ni àbí abo?" Agbẹ̀bí ni ó ń dáhùn rẹ̀, ojú lásán ni ó sì fi ń wò ó kí ó tó dáhùn. Láyé àtijọ́, ìdáhùn agbẹ̀bí yìí ni ó ń sọ ọjọ́ tí wọn yóò sọ ọmọ lórúkọ, nítorí ọjọ́ keje ni ti obìnrin, ọjọ́ kẹsàn-án sì ni ti ọkùnrin. Òun náà ni ó ń sọ bóyá Àjọkẹ́ ni oríkì ọmọ yóò jẹ́ tàbí Àkànní. Ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìgbà, ọ̀rọ̀ ti parí síbẹ̀ títí ayé ọmọ náà. Ṣùgbọ́n láti nǹkan bí àádọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn ni àwọn tí ń ṣàkóso eré sísá lágbàáyé ti ń tún ìbéèrè yìí bi àwọn obìnrin tí ó ti dàgbà, tí àwọn mìíràn nínú wọn tilẹ̀ ti ní àfẹ́sọ́nà tàbí ọkọ. Ohun tí ó mú kí wọ́n máa béèrè rẹ̀, ọ̀nà tí wọ́n gbà béèrè rẹ̀, àti ohun tí ìdáhùn rẹ̀ fi ojú àwọn ènìyàn kan rí, ni àròkọ yìí dá lé lórí.

Kí a tó lọ jìnnà, ó yẹ kí ẹ̀yin òǹkàwé wa, pàápàá ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, mọ ìdí tí a fi pín eré sísá sí ti ọkùnrin àti ti obìnrin. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àṣà tàbí ti ìtìjú nìkan. Àkókò tí ó yá jù lọ tí ọkùnrin kan tí ì fi sá 100 mítà ni ìṣẹ́jú àáyá 9.58, tí Usain Bolt ti Jàmáíkà sá ní Berlin ní ọdún 2009. Ti obìnrin ni 10.49, tí Florence Griffith-Joyner ti Amẹ́ríkà sá ní ọdún 1988. Ní 800 mítà, David Rudisha ti Kẹ́ńyà lo ìṣẹ́jú kan àti ìṣẹ́jú àáyá 40.91 ní ọdún 2012. Jarmila Kratochvílová ti Czechoslovakia ìgbà náà lo ìṣẹ́jú kan àti ìṣẹ́jú àáyá 53.28 ní ọdún 1983. Àlàfo àárín wọn súnmọ́ ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ní ti 100 mítà, ó sì lé ní ìdá méjìlá ní ti 800 mítà. Bí a bá da gbogbo wọn pọ̀ sórí ìlà kan náà, kò sí obìnrin kan tí yóò dé ìpele àṣekágbá eré sísá wọ̀nyí ní Òlíńpíìkì. Ìdí nìyí tí a fi mọ odi yí eré àwọn obìnrin ká. Odi kò sì lè ṣe kó má ní ẹnu ibodè, bẹ́ẹ̀ ni ibodè kò lè ṣe kó má ní oníbodè. Níbi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Àwọn obìnrin pàápàá kò tètè rí àyè wọlé. Ọdún 1928, ní Amsterdam, ni wọ́n kọ́kọ́ gbà wọ́n láyè láti kópa nínú eré orí pápá ní Òlíńpíìkì. Lina Radke ti Jámánì ni ó gba ipò kìíní nínú 800 mítà. Àwọn oníwèé ìròyìn kọ ọ́ pé ṣe ni àwọn obìnrin náà ń ṣubú lulẹ̀ bí ẹni tí ẹ̀mí fẹ́ bọ́ lára rẹ̀. Àwọn òpìtàn ti fi hàn lẹ́yìn náà pé àbùmọ́ pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Síbẹ̀, wọ́n yọ 800 mítà kúrò nínú eré àwọn obìnrin, kò sì padà títí di ọdún 1960 ní Róòmù. Kí ẹ fi ọkàn sí 800 mítà yìí, nítorí a ó tún padà bá a.

Ní ọdún 1936, ní Berlin, Helen Stephens ti Amẹ́ríkà gba àmì ẹ̀yẹ wúrà nínú 100 mítà. Ẹni tí ó ṣe ipò kejì ni Stella Walsh, ọmọ Poland tí ó dàgbà sí Amẹ́ríkà, tí orúkọ àbísọ rẹ̀ ń jẹ́ Stanisława Walasiewicz, tí ó sì ti gba wúrà nínú eré kan náà ní Los Angeles ní ọdún 1932. Bí Stephens ti ga, tí ó sì fi ẹsẹ̀ gígùn fi gbogbo wọn sílẹ̀ sẹ́yìn, ni àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kùn pé ọkùnrin ni. Àwọn aláṣẹ ní láti kéde pé wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò, àti pé obìnrin ni. Ọ̀rọ̀ náà rọlẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1980, wọ́n yìnbọn pa Walsh níbi ìdigunjalè kan ní ìlú Cleveland. Nígbà tí àwọn dókítà yẹ òkú rẹ̀ wò, wọ́n rí i pé ẹ̀yà ara ọkùnrin wà lára rẹ̀, àti pé kì í ṣe irú kan ṣoṣo ni àwọn kúrómósómù inú ara rẹ̀. Ẹni tí gbogbo ayé fura sí kọ́ ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Bẹ́ẹ̀, láti kékeré ni Walsh ti ń gbé ìgbésí ayé rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí obìnrin, kò sì sí ẹ̀rí pé ó fi ìgbà kan pète láti tan ẹnikẹ́ni jẹ.

Ní Berlin kan náà, ẹni tí ó ṣe ipò kẹrin nínú fífò sókè ni Dora Ratjen ti Jámánì. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1938, nígbà tí ó ń ti ìdíje Yúróòpù ní Vienna bọ̀, ọlọ́pàá mú un ní ibùdókọ̀ ojú irin Magdeburg, nítorí ẹnìkan ta wọ́n lólobó pé ọkùnrin kan wà nínú ọkọ̀ tí ó wọ aṣọ obìnrin. Ọkùnrin ni lóòótọ́, ó sì yí orúkọ rẹ̀ padà sí Heinrich lẹ́yìn náà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń sọ pé ìjọba Hitler ni ó fi ipá mú un kí Jámánì lè rí ẹ̀yẹ gbà. Ìtàn náà dùn ún gbọ́, ó sì tàn kálẹ̀, kódà àwọn tí ń gbèjà àyẹ̀wò fi ń ṣe àpẹẹrẹ. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2009, ìwé ìròyìn Der Spiegel tú àwọn àkọsílẹ̀ ọlọ́pàá ìgbà náà yẹ̀ wò. Ohun tí ó wà níbẹ̀ ni pé nígbà tí wọ́n bí ọmọ náà, agbẹ̀bí kọ́kọ́ sọ pé ọkùnrin ni. Kò pẹ́ tí ó tún fi sọ pé rárá, obìnrin ni. Àwọn òbí gba ọ̀rọ̀ agbẹ̀bí, wọ́n sì tọ́ ọmọ wọn bí obìnrin. Ní ọdún 1939, àwọn agbẹjọ́rò ìjọba fi ẹjọ́ náà sílẹ̀, wọ́n ní kò sí jìbìtì níbẹ̀.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ìfura yìí wá di ọ̀rọ̀ ìṣèlú. Àwọn obìnrin Soviet àti ti Ìlà-Oòrùn Yúróòpù ń gba ẹ̀yẹ ní ọwọ́ọ̀wọ́, àwọn ará Ìwọ̀-Oòrùn sì ń sọ pé ara wọn kò jọ ti obìnrin. Ní ọdún 1966, níbi ìdíje Yúróòpù ní Budapest, wọ́n ní kí àwọn obìnrin tí ó fẹ́ kópa máa kọjá níhòòhò níwájú àwọn dókítà kí wọ́n lè fi ojú rí wọn. Ní ọdún yẹn kan náà, níbi ìdíje àwọn orílẹ̀-èdè Kọ́mọ́nwẹ́ẹ̀tì ní Kingston, èyí tí wọ́n ṣe tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ọwọ́ ni àwọn dókítà fi yẹ abẹ́ wọn wò. Mary Peters ti Northern Ireland, tí ó gba wúrà ní Òlíńpíìkì ọdún 1972, wà níbẹ̀, ó sì ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé nínú gbogbo ìgbésí ayé òun, òun kò tí ì rí ìwọ̀sí tí ó tó bẹ́ẹ̀. Ó yẹ kí àwa ní Nàìjíríà rántí ìdíje Kingston yìí fún ìdí mìíràn: níbẹ̀ ni Violet Odogwu ti gba àmì ẹ̀yẹ idẹ nínú fífò jìnnà, tí ó fi di obìnrin Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó gba àmì ẹ̀yẹ ní ìdíje náà. A máa ń ka orúkọ rẹ̀ fún àwọn ọmọ ilé-ìwé. Ohun tí àwọn obìnrin ń kọjá lára rẹ̀ kí wọ́n tó dé orí pápá lọ́dún náà kì í sí nínú ẹ̀kọ́ wa.

Ariwo àwọn obìnrin pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn aláṣẹ fi wá ọ̀nà mìíràn. Sáyẹ́ǹsì ni wọ́n sá tọ̀. Nínú sẹ́ẹ̀lì ara ènìyàn ni àwọn kúrómósómù wà; lọ́pọ̀ ìgbà, obìnrin máa ń ní X méjì, ọkùnrin a sì ní X kan àti Y kan. Wọ́n ní kí wọ́n ṣáà ha inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ obìnrin díẹ̀, kí wọ́n fi awò ńlá wo ohun tí wọ́n há, ọ̀rọ̀ á sì yanjú láìtú aṣọ ẹnikẹ́ni. Ní ọdún 1967, ní Kiev, àyẹ̀wò kúrómósómù mú Ewa Kłobukowska ti Poland, ẹni tí ó wà nínú àwọn mẹ́rin tí ó gba wúrà 4×100 mítà ní Tokyo ní ọdún 1964. Wọ́n ní kúrómósómù kan lé nínú ara rẹ̀. Ọdún kan ṣáájú ni ó ti gba àyẹ̀wò ojú kọjá ní Budapest. Àwọn tí ó fi ojú wò ó ní obìnrin ni. Àwọn tí ó fi awò wò ó ní kì í ṣe obìnrin. Ti awò ni wọ́n gbà, wọ́n sì pa àkọsílẹ̀ àwọn eré rẹ̀ tí ó yá jù láyé rẹ́. Láti ọdún 1968 ni Òlíńpíìkì náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í ha ẹ̀rẹ̀kẹ́ gbogbo obìnrin. Ẹnìkan ṣoṣo ni ó bọ́ nínú rẹ̀ ní Montreal ní ọdún 1976, Anne, ọmọbìnrin Ọbabìnrin Elizabeth Kejì, tí ó wá gun ẹṣin níbẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ọba kì í lọ sí yàrá àyẹ̀wò.

Ìtàn tí ó yẹ kí a dúró lé lórí jù ni ti María José Martínez-Patiño, ọmọ Sípéènì, tí eré tirẹ̀ jẹ́ eré sísá tí a ti ń fo àwọn igi tí wọ́n tò sójú ọ̀nà. Ní ọdún 1983, ní Helsinki, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì fún un ní ìwé ẹ̀rí pé obìnrin ni. Ní ọdún 1985, ó gbàgbé ìwé náà sílé nígbà tí ó ń lọ sí ìdíje àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì àgbáyé ní Kobe, ní Jápáànù. Wọ́n tún ha ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ní alẹ́ tí ó ṣáájú eré rẹ̀, wọ́n sọ fún un pé ohun kan kò rí bó ṣe yẹ, dókítà ẹgbẹ́ wọn sì gbà á nímọ̀ràn pé kí ó díbọ́n pé ẹsẹ̀ ń dùn òun. Ó jókòó láàrin àwọn òǹwòran pẹ̀lú aṣọ tí wọ́n fi di ẹsẹ̀ rẹ̀ tí kò ṣe nǹkan kan, ó ń wo àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bí wọ́n ti ń sáré. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀ ni lẹ́tà dé: X kan àti Y kan ni ó ní.

Ní oṣù Kìíní ọdún 1986, bí ó ti fẹ́ kópa nínú ìdíje orílẹ̀-èdè rẹ̀, wọ́n tún sọ fún un pé kí ó díbọ́n pé ó farapa, kí ó sì fi eré sísá sílẹ̀ ní ìdákẹ́jẹ́. Bí kò bá gbà, àṣírí rẹ̀ yóò tú. Kò gbà. Ó sá 60 mítà onígi, ó sì gba ipò kìíní. Àṣírí náà tú sí ọwọ́ àwọn oníwèé ìròyìn. Wọ́n lé e kúrò ní ilé tí àwọn eléré orílẹ̀-èdè ń gbé, wọ́n gba owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ nínú àkọsílẹ̀ àwọn tí ó borí. Àfẹ́sọ́nà rẹ̀ fi í sílẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ kọ gbogbo èyí sínú ìwé àtìgbàdégbà àwọn dókítà tí ń jẹ́ The Lancet ní ọdún 2005, kò sì fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó mọ́lẹ̀.

Kí ni ó wà lára rẹ̀ gan-an? Ara rẹ̀ ń ṣe testosterone, họ́mónù tí ó ń sọ ọmọdékùnrin di ọkùnrin, ṣùgbọ́n kò sí ibi tí họ́mónù náà lè dì mú nínú sẹ́ẹ̀lì rẹ̀. Bí òjò tí ń rọ̀ sórí àpáta ni. Láti inú oyún ni ara rẹ̀ ti dàgbà gẹ́gẹ́ bí ti obìnrin, nítorí kò lè lo ohun tí ìbá sọ ọ́ di ọkùnrin. Bí ó bá jẹ́ pé àǹfààní tí ọkùnrin ní lórí obìnrin nínú eré ni wọ́n ń ṣọ́ lẹ́nu ibodè, kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀ rárá. Àwọn obìnrin tí wọ́n jọ ń díje, tí wọ́n ń lo ìwọ̀nba testosterone tiwọn, tilẹ̀ sàn jù ú lọ lápá ibẹ̀. Albert de la Chapelle, onímọ̀ nípa àjogúnbá láti Finland, tí ó ti ń bá àyẹ̀wò yìí jà láti ọjọ́ pípẹ́, dúró tì í. Ní ọdún 1988 wọ́n dá ẹ̀tọ́ rẹ̀ padà. Ọdún mẹ́ta ti lọ, ọdún tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ìbá yá jù lọ. Nígbà tí ó gbìyànjú láti yege fún Òlíńpíìkì Barcelona ní 1992, ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá kan ni ó fi pàdánù.

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà lára ohun tí ó mú kí àjọ eré sísá àgbáyé, tí a mọ̀ sí IAAF nígbà náà, fi àyẹ̀wò kúrómósómù sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Àwọn alákòóso Òlíńpíìkì ń bá tiwọn lọ. Ní Atlanta ní ọdún 1996, nínú obìnrin 3,387 tí wọ́n yẹ̀ wò, èsì àwọn 8 yàtọ̀. Wọ́n gba gbogbo wọn láyè láti kópa nígbà tí wọ́n wádìí ọ̀rọ̀ wọn tán. Ìdíje yẹn náà ni Chioma Ajunwa ti fò jìnnà tó 7.12 mítà, tí ó gba wúrà àkọ́kọ́ tí ọmọ Nàìjíríà kan dá gbà ní Òlíńpíìkì. Òun ni ìdíje Òlíńpíìkì ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí wọ́n ṣe àyẹ̀wò náà kẹ́yìn, nítorí ní ọdún 1999 wọ́n pa á tì. Nínú nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún, kò mú ọkùnrin kan ṣoṣo tí ó mọ̀-ọ́n-mọ̀ wọ aṣọ obìnrin kí ó lè gba ẹ̀yẹ. Àwọn tí ó mú ni àwọn obìnrin tí kò mọ ohun tí ó wà nínú ara wọn títí ẹlòmíràn fi sọ fún wọn.

Ìyẹn ni a bá lọ títí di ọjọ́ 19 oṣù Kẹjọ ọdún 2009, ní Berlin, tí ọmọ ọdún 18 kan láti Gúúsù Áfíríkà, Caster Semenya, sá 800 mítà ní ìṣẹ́jú kan àti ìṣẹ́jú àáyá 55.45, tí ó fi ẹni tí ó ṣe ipò kejì sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá tí ó lé ní méjì. Ọjọ́ náà gan-an, kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ni ayé ti gbọ́ láti ẹnu àjọ náà pé wọ́n ní kí ó lọ ṣe àyẹ̀wò bóyá obìnrin ni. Ọmọ ọdún 18! Àwọn oníwèé ìròyìn sọ ara rẹ̀ di ọ̀rọ̀ ọjà. Àwọn kan nínú àwọn tí ń kọ Gẹ̀ẹ́sì tilẹ̀ ń ṣiyèméjì nípa ọ̀rọ̀ arọ́pò orúkọ tí wọn yóò lò fún un, nítorí èdè wọn kò jẹ́ kí ènìyàn sọ̀rọ̀ ẹlòmíràn láìkọ́kọ́ sọ pé akọ ni tàbí abo. Yorùbá kò ní wàhálà yẹn. "Ó sáré", "wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò", "ara rẹ̀": kò sí èyí tí ó béèrè ohun tí ó wà lábẹ́ aṣọ. Ẹ tún ka ohun tí mo kọ sókè nípa Ratjen. Kò sí ibi tí mo ti ní láti yàn. Èyí kò túmọ̀ sí pé Yorùbá kò ya akọ sọ́tọ̀ sí abo o. Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ tí mo mẹ́nu bà níbẹ̀rẹ̀ tó láti fi hàn pé a ń yà wọ́n. Ṣùgbọ́n gírámà wa kò fi dandan lé e ní gbogbo gbólóhùn.

Wọ́n dá Semenya padà sórí pápá ní oṣù Keje ọdún 2010. Ní ọdún 2011 ni àjọ náà wá gbé òfin tuntun jáde. Kúrómósómù kọ́ ni wọ́n ń kà mọ́, testosterone inú ẹ̀jẹ̀ ni. Gẹ́gẹ́ bí iye tí àjọ náà tẹ̀ jáde, ti ọkùnrin wà láàrin 7.7 àti 29.4 nanomole nínú lítà ẹ̀jẹ̀ kan, ti obìnrin kì í sábà tó 2. Obìnrin tí tirẹ̀ bá tó 10 ní láti lo oògùn kí ó fi lè wálẹ̀. Dutee Chand ti Íńdíà, tí wọ́n fi òfin yìí lé kúrò lórí pápá ní ọdún 2014, gbé wọn lọ sí ilé-ẹjọ́ eré ìdárayá tí ó wà ní Lausanne, ilé-ẹjọ́ náà sì dá òfin ọ̀hún dúró ní oṣù Keje ọdún 2015 títí àjọ náà yóò fi mú ẹ̀rí wá. Ní Rio ní ọdún 2016, Semenya gba wúrà, Francine Niyonsaba ti Bùrúńdì gba fàdákà, Margaret Wambui ti Kẹ́ńyà gba idẹ. Ọ̀rọ̀ òfin testosterone yìí kan àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni, nítorí náà ẹ jẹ́ kí a wo ẹni tí ó ṣe ipò kẹrin lọ́jọ́ náà. Melissa Bishop ti Kánádà sá eré tí kò sí obìnrin Kánádà kan tí ó sá irú rẹ̀ rí títí di ìgbà náà, ó sì lọ sílé lọ́wọ́ òfo. Òun náà fi ọdún àti ọ̀nà ọ̀fun ṣiṣẹ́. Àwọn tí ó ní testosterone kò já mọ́ nǹkan kan kò sòótọ́. Ìjọba Ìlà-Oòrùn Jámánì dán an wò lára àwọn ọmọbìnrin tirẹ̀ láti àwọn ọdún 1960 sí 1980, tí wọ́n ń fún wọn ní oògùn Oral-Turinabol, tí wọ́n ń sọ fún àwọn kan nínú wọn pé fítámì ni. Ẹ̀yẹ rọ̀jò lé wọn lórí; àìsàn náà rọ̀jò lé ọ̀pọ̀ wọn lórí lẹ́yìn náà, ilé-ẹjọ́ sì dá àwọn aláṣẹ lẹ́bi nígbà tí Jámánì di ọ̀kan. Họ́mónù yìí ń kọ́ eegun, ó ń kọ́ iṣan, ó ń sọ ẹ̀jẹ̀ di púpọ̀.

Àwọn kan a máa dáhùn pé àbímọ́ni ni ti Semenya, kì í ṣe oògùn. Wọ́n a tọ́ka sí Eero Mäntyranta ti Finland, tí a bí pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ tí ó ń gbé atẹ́gùn ju ti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, tí ó sì gba wúrà mẹ́ta ní Òlíńpíìkì ìgbà òtútù láàrin 1960 àti 1964. Kò sí ẹni tí ó ní kí ó lo oògùn kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè dínkù. Àfiwé náà lágbára, ṣùgbọ́n lójú tèmi, kò tó. A kò mọ odi yí àwọn ẹlẹ́jẹ̀ díẹ̀ ká kí wọ́n lè máa díje láàrin ara wọn. Àwọn obìnrin ni a mọ odi yí ká, ohun tí ó sì mú wa mọ ọ́n ni ohun tí testosterone ń ṣe nígbà tí ọmọdékùnrin bá ń bàlágà. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí odi náà dúró kò lè sọ pé ohun tí a torí rẹ̀ mọ ọ́n kò ṣe pàtàkì. Ibi tí mo ti yapa sí àwọn aláṣẹ ni ọ̀rọ̀ ẹ̀rí àti ọ̀rọ̀ ìwà.

Ní ti ẹ̀rí, òfin ọdún 2018, tí ó fi 5 nanomole ṣe òpin láti 400 mítà dé máìlì kan, gbára lé ìwádìí kan tí àwọn tí ń bá àjọ náà ṣiṣẹ́ tẹ̀ jáde ní ọdún 2017. Ní ọdún 2021, àwọn òǹkọ̀wé náà fúnra wọn tẹ àtúnṣe jáde pé ìwádìí náà kò fi hàn pé testosterone ni ó fa ohun tí wọ́n rí. Nígbà yẹn, ilé-ẹjọ́ Lausanne ti dá Semenya lẹ́bi ní ọjọ́ kìíní oṣù Karùn-ún ọdún 2019: adájọ́ méjì sí ọ̀kan. Wọ́n gbà pé òfin náà ń ṣe ojúsàájú, ṣùgbọ́n wọ́n ní ojúsàájú tí ó pọn dandan ni.

Ní ti ìwà, ẹ gbọ́ ti Annet Negesa, ọmọ Ùgáńdà tí òun náà ń sá 800 mítà. Wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú àwọn tí yóò lọ sí Òlíńpíìkì London ní 2012. Ó sọ ní ọdún 2019 pé wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún òun láìjẹ́ pé òun mọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe gan-an, àti pé ara òun kò padà bọ̀ sípò mọ́. Àjọ àgbáyé sọ pé àwọn kò lọ́wọ́ sí iṣẹ́ abẹ náà. Semenya náà ti sọ pé oògùn tí òun fi ọdún mélòó kan lò sọ òun di aláìsàn, òun kò sì ní lò ó mọ́. Ní ọdún 2021, Christine Mboma àti Beatrice Masilingi, ọmọ ọdún 18 láti Nàmíbíà, gbọ́ pé àwọn kò lè sá 400 mítà ní Tokyo mọ́. Mboma lọ sá 200 mítà, ó sì gba fàdákà. Ẹ wo ibi tí àwọn orúkọ wọ̀nyí ti wá. Níwọ̀n ìgbà tí ó jẹ́ pé ìfura ni wọ́n fi ń mú ẹni tí wọn yóò yẹ̀ wò, àwọn tí ojú aláṣẹ kò mọ́ ara wọn ni ìfura náà ń bọ́ sí lórí, àwọn ọmọ abúlé Áfíríkà àti Éṣíà tí kò ní agbẹjọ́rò.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tí àwọn ènìyàn ń dà pọ̀ mọ́ èyí ni ti àwọn tí a bí ní ọkùnrin, tí wọ́n bàlágà bí ọkùnrin, tí wọ́n sì yí padà láti máa gbé bí obìnrin. Ọ̀tọ̀ ni. Semenya kò yí padà kúrò nínú ohunkóhun. Ní oṣù Kẹta ọdún 2023, àjọ náà, tí ó ti ń jẹ́ World Athletics láti 2019, ti ìlẹ̀kùn mọ́ àwọn wọ̀nyí. Ní ìpàdé kan náà ni wọ́n sọ 5 di 2.5 nanomole fún àwọn bíi Semenya, tí wọ́n sì mú òfin náà kan gbogbo eré orí pápá. Semenya bá ẹjọ́ rẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ 10 oṣù Keje ọdún 2025, ìgbìmọ̀ àgbà ilé-ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti Yúróòpù ní Strasbourg sọ pé ilé-ẹjọ́ Switzerland kò yẹ ẹjọ́ rẹ̀ wò bó ṣe yẹ. Wọn kò sọ pé òfin eré náà dára tàbí kò dára, bẹ́ẹ̀ ni ìdájọ́ náà kò dá a padà sórí 800 mítà.

Kò tó oṣù kan lẹ́yìn náà tí World Athletics fi kéde pé láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, gbogbo obìnrin tí ó bá fẹ́ kópa nínú ìdíje àgbáyé gbọ́dọ̀ ṣe àyẹ̀wò jíìnì SRY lẹ́ẹ̀kan láyé rẹ̀. Orí kúrómósómù Y ni jíìnì yìí sábà máa ń wà, òun ni ó sì ń sọ fún ọmọ inú pé kí ó ya ọkùnrin. Inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni wọ́n tún padà sí, tàbí kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀. Andrew Sinclair ti Australia, tí ó wà nídìí wíwá jíìnì náà rí ní ọdún 1990, ta ko èyí ní gbangba. Ó ní àyẹ̀wò náà lè sọ bóyá jíìnì wà, kò lè sọ bóyá ó ń ṣiṣẹ́. Ohun kan ṣoṣo ni mo rí tí ó sàn nínú rẹ̀: kò yan ẹnìkan ṣẹ́yìn. Ẹni tí ojú rẹ̀ rẹwà àti ẹni tí ohùn rẹ̀ ki, ọmọ London àti ọmọ Limpopo, gbogbo wọn ni yóò la ẹnu.

Ìdíje àkọ́kọ́ tí òfin yìí bá ni ti Tokyo ní oṣù Kẹsàn-án náà. Níbẹ̀ ni Tóbi Amúsàn, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, tí kò sí obìnrin tí eré rẹ̀ yá tó ìṣẹ́jú àáyá 12.12 tí ó sá ní ọdún 2022, ti gba fàdákà nínú 100 mítà onígi pẹ̀lú 12.29, lẹ́yìn Ditaji Kambundji ti Switzerland. Eré onígi ni, ní Jápáànù ni, ogójì ọdún gééré lẹ́yìn tí Martínez-Patiño jókòó láàrin àwọn òǹwòran ní Kobe pẹ̀lú aṣọ tí wọ́n fi di ẹsẹ̀ rẹ̀. Lábẹ́ òfin 2025, èsì tirẹ̀ ìbá tún yàtọ̀ sí ti àwọn tó kù, nítorí Y wà nínú ara rẹ̀. Wọn ìbá pè é sẹ́yìn fún àyẹ̀wò mìíràn. Ṣùgbọ́n òfin náà fi àyè sílẹ̀ fún àwọn tí ara wọn kò lè lo testosterone rárá, ìbá sì sáré.